Bí A Ṣe Ń Yan Túùbù Irin Alápòpọ̀ fún Bọ́ílà àti Ẹ̀rọ Ìpààrọ̀ Ooru, Bí A Ṣe Ń Fi Í Sípò àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí mo ti ń tún bọ́ílà ṣe, ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí ju èyíkéyìí lọ: irú irin wo ni a lè fi ṣe túùbù bọ́ílà tí kò fi ní máa bàjẹ́ lọ́dọọdún? Ẹni tó ń se kajú bi mí, ẹni tó ń gbẹ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ bi mí, ẹni tó ń bójú tó ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà bi mí. Wọ́n ti gbọ́ pé irin kan wà tí wọ́n ń pè ní alloy, èyí tí n óò máa pè ní irin alápòpọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, wọ́n sì ti gbọ́ pé òun ni wọ́n ń lò ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, nítorí náà wọ́n gbà pé òun ni oògùn. Irin alápòpọ̀ dára, ó sì ní ibi tí irin mìíràn kò lè dúró dè é; ṣùgbọ́n bí irin túùbù fúnra rẹ̀ yóò ṣe gbóná tó lẹ́nu iṣẹ́, àti irú omi tàbí èéfín tí yóò máa kàn án lára, ni ó yẹ kí a fi yan túùbù.

Mo fi ojú ara mi rí ohun tí àìmọ èyí lè fà. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, Alhaji kan tó ní ilé iṣẹ́ kajú ránṣẹ́ pè mí sí bọ́ílà wọn. Ẹnu àwọn túùbù tó wà lẹ́yìn bọ́ílà náà, níbi tí iná ti ń ṣẹ́rí padà, ń jo omi, wọ́n sì ti ń jo bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. “Ọ̀gá, ẹ bá mi wá irin tí yóò gbà mí lọ́wọ́ ìyọnu yìí,” ni wọ́n wí, “iye yòówù kó jẹ́, màá san án.” Mo ra túùbù T22, ọ̀kan nínú àwọn irin alápòpọ̀, tó ní ìwé lọ́wọ́, ojúlówó ni, mo sì rọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ inú pílétì, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tí a lu ihò sí tí orí àwọn túùbù ń wọ̀. Kò pé oṣù márùn-ún tí wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í jo, méjì nínú àwọn ihò pílétì náà sì ti fẹ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí mo fa túùbù kan yọ, mo rí èépá funfun tó yí ara rẹ̀ ká, tó sì nípọn jù lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ibi tí pílétì wà, bí èèpo ẹyin mẹ́ta tí a tò léra wọn. Mo fi èékánná há a, kò há. Mo fi ṣísẹ́lì gbá a, ó bọ́ ní pélébé pélébé, irin abẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi ló ti ń ba bọ́ílà náà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àfikún, irin olówó gọbọi tí mo rà le ju pílétì tí mo fi í sí lọ, nítorí náà ihò pílétì ló ń fẹ̀ dípò kí túùbù fẹ̀ kí ó sì dì mọ́ ọn. Owó Alhaji ló bá a lọ, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó ra irin kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí irin náà yóò ṣe gbóná tó

Ìkòkò tí omi wà nínú rẹ̀ kì í pọ́n lórí iná, bó ti wù kí igi pọ̀ tó lábẹ́ rẹ̀; ìkòkò òfìfo ni iná ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni túùbù bọ́ílà rí. Iná inú bọ́ílà lè kọjá 1000°C, ṣùgbọ́n bí omi bá wà lẹ́yìn túùbù, tí ara túùbù náà sì mọ́, omi a máa gba ooru náà lọ kíákíá débi pé irin kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju omi lọ. Omi inú bọ́ílà tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ bar 7 ń hó ní nǹkan bíi 170°C. Ní bar 10, ó ń hó ní nǹkan bíi 184°C. Ẹ fi ìwọ̀nba kún un fún ara irin fúnra rẹ̀, a ṣì wà ní ìsàlẹ̀ 250°C. Irin kábọ̀n lásán, irú èyí tí ìwé Amẹ́ríkà ń pè ní A192, A210 tàbí A179, lè ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bíi 425°C. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bọ́ílà kéékèèké tó wà ní àdúgbò wa kò nílò irin alápòpọ̀ nínú túùbù wọn rárá, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ rà á kò tíì wo bọ́ílà yín dáadáa.

Lókè 425°C ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí irin kábọ̀n bá pẹ́ nínú ooru bẹ́ẹ̀, kábọ̀n inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀ kúrò lára irin, ara irin náà a sì di ẹlẹ́gẹ́. Èyí tó tún burú ni pé irin tí ooru mú, tí ìfúnpá sì ń tì láti inú, a máa nà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí okùn tí a ń sá aṣọ tútù sí ṣe ń rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á, títí ọjọ́ kan tí yóò já. Ìfúnpá tí irin náà lè gbé fún wákàtí kan, ó lè má lè gbé e fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń po irin méjì mìíràn, kírómíọ̀mù àti mòlíbídẹ́nọ̀mù, mọ́ irin, tó fi ń di irin alápòpọ̀.

Níbo wá ni a ti ń rí irú ooru bẹ́ẹ̀? Ibi àkọ́kọ́ ni súpáhítà, ìyẹn apá bọ́ílà tí kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́, tó jẹ́ sítíìmù gbígbẹ nìkan ni iná tún ń gbóná sí i. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà ní Ẹ̀gbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú megawatt 220 jáde, ń fi sítíìmù tí ooru rẹ̀ kọjá 500°C yí ẹ̀rọ. Kò sí irin kábọ̀n tó lè gbé irú sítíìmù yẹn. Ibi kejì ni àwọn ilé ìfọpo, níbi tí túùbù iná ìléru ti ń gbé epo rọ̀bì gbígbóná tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Imí-ọjọ́ a máa jẹ irin kábọ̀n nínú ooru, kírómíọ̀mù ló sì ń dín jíjẹ náà kù, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo àwọn irin alápòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní T5 àti T9 níbẹ̀.

Ibi kẹta kan àwa tí a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, àwọn ènìyàn kì í sì í fura sí i: ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru tó ń gbóná afẹ́fẹ́ fún gbígbẹ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, èéfín iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan túùbù, afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò sí omi tí yóò gba ooru kúrò lára irin kíákíá. Bí agbára afẹ́fẹ́ àti ti èéfín láti gbé ooru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ooru irin náà yóò wà ní nǹkan bí àárín méjèèjì. Bí èéfín bá jẹ́ 900°C, tí afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 150°C, ẹ ṣírò rẹ̀: 900 àti 150 jẹ́ 1050, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 525°C. Túùbù irin kábọ̀n tí ẹ bá fi síbẹ̀ yóò máa ṣí ní èèpo èèpo títí yóò fi lu, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì máa bọ́ sínú ìyẹ̀fun tí ènìyàn yóò jẹ. Níbẹ̀ ni kí ẹ ná owó yín sí. Bọ́ílà tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ bar 7 lè lo irin kábọ̀n, kí ẹ̀rọ tó ń gbóná afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an sì nílò irin alápòpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ orúkọ àwọn irin náà àti ohun tí orúkọ náà ń sọ

Ìwé ìlànà tí ẹ óò máa rí jù lọ lára túùbù alápòpọ̀ tí kò ní ojú ìjó ni A213 ti Amẹ́ríkà. Bí lẹ́tà S bá ṣáájú rẹ̀, tó di SA-213, irin kan náà ni, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ASME ló fọwọ́ sí i fún bọ́ílà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé T jẹ́ iye kírómíọ̀mù tó wà nínú irin, àṣìṣe tí mo sì ń gbọ́ lójoojúmọ́ nìyí. T22 kò ní kírómíọ̀mù 22, ìdá 2.25 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní, pẹ̀lú mòlíbídẹ́nọ̀mù ìdá 1. T11 ní kírómíọ̀mù ìdá 1.25 àti mòlíbídẹ́nọ̀mù ìdàjì. T5 ní kírómíọ̀mù ìdá 5 àti mòlíbídẹ́nọ̀mù ìdàjì, T9 ní kírómíọ̀mù ìdá 9 àti mòlíbídẹ́nọ̀mù ìdá 1. Nínú ìwé ilẹ̀ Yúróòpù, 10CrMo9-10 ni orúkọ irin tó bá T22 dọ́gba, X10CrMoVNb9-1 sì ni ti T91.

Iṣẹ́ kírómíọ̀mù ni láti fún irin ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì mọ́ ọn lára, tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tún rí irin jẹ. Iṣẹ́ mòlíbídẹ́nọ̀mù ni láti má ṣe jẹ́ kí irin nà nínú ooru. T11 lè ṣiṣẹ́ dé nǹkan bíi 550°C, T22 dé nǹkan bíi 580°C. T91 jẹ́ T9 tí wọ́n fi fanádíọ̀mù àti nióbíọ̀mù díẹ̀ kún. Ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ní nǹkan bíi 540°C ó sì lè gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì ẹrù tí T22 lè gbé. Ìdí nìyẹn tí túùbù rẹ̀ fi lè tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ti T22 ti gbọ́dọ̀ nípọn. Ṣùgbọ́n irin tó gba ìṣọ́ra ni, mo sì máa padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ jíjó irin.

Irin sitéńlẹ́sì, bíi TP304 àti TP316, wà nínú ìwé A213 kan náà, ó sì jẹ́ ọ̀tọ̀. Òun ni ẹ gbọ́dọ̀ lò níbi tí oje máńgò, oje kajú tàbí wàrà yóò ti kan túùbù, nítorí T11 àti T22 ń dógùn-ún bí irin kábọ̀n bí omi tútù bá wà lára wọn. Sitéńlẹ́sì kì í gbé ooru kọjá dáadáa. Irin kábọ̀n ń gbé e ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Èyí kò le púpọ̀ bí túùbù bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó le ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Bí omi tó ní iyọ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bíi 60°C lára sitéńlẹ́sì, ara rẹ̀ lè là láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi omi ìfọṣọ funfun tó ní kiloríìnì fọ ọ́ kí ẹ sì gbé e lórí iná láì ṣàn án dáadáa, ẹ má sì ṣe fi ásíìdì iyọ̀ tí wọ́n ń fi fọ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ há èépá inú rẹ̀ láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó lọ sọ́jà

Túùbù yàtọ̀ sí páìpù, ìyàtọ̀ náà sì ti gbówó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbú ìta àti nínípọn ara ni a fi ń ra túùbù. Túùbù inṣi 2 jẹ́ mílímítà 50.8 láti ìta dé ìta. Páìpù inṣi 2 jẹ́ mílímítà 60.3, kò sì ní wọ inú ihò pílétì yín. Ẹ fi kálípà wọn ìbú ìta túùbù àtijọ́ níbi tí kò tíì jẹ, ẹ wọn nínípọn rẹ̀ ní ẹnu tí ẹ gé, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ sì wọn ihò pílétì ní ọ̀nà méjì tó gba ara wọn kọjá kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì rí roboto.

Fún ìfúnpá bar 10, ìṣirò fi hàn pé túùbù irin kábọ̀n tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50.8 kò nílò ju nínípọn tí kò pé mílímítà 1 láti gbé ìfúnpá náà. Síbẹ̀ mílímítà 2.9 tàbí 3.2 ni a ń lò. Ohun tó lé yẹn wà fún omi tí yóò jẹ ẹ́, fún rọ́ọ̀lù tí yóò tẹ̀ ẹ́, àti fún ọdún tí yóò lò. Bí ẹnikẹ́ni bá tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé ti mílímítà 2 náà tó, òótọ́ ni lórí ìwé, ọdún yín ni yóò gé kúrú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rà á, kí ẹ sì dá a mọ̀

Ojúlówó túùbù alápòpọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀: ìwé ìlànà, irú irin, ìbú àti nínípọn, àti nọ́ḿbà ìyọ́, ìyẹn nọ́ḿbà tí ilé iṣẹ́ fún irin tí a yọ́ nínú ìkòkò kan lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ḿbà ìyọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí tó bá túùbù náà wá, pẹ̀lú iye kírómíọ̀mù, mòlíbídẹ́nọ̀mù àti kábọ̀n. Ẹ jókòó kí ẹ fi ti ara túùbù wé ti inú ìwé ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí nọ́ḿbà rẹ̀ kò bá ti túùbù mu, ìwé irin ẹlòmíràn ni.

Òòfà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. T11, T22, T9 àti T91 ni òòfà ń fà bó ṣe ń fa irin kábọ̀n. Sitéńlẹ́sì bíi 304 nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ẹ lè fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin fọwọ́ kan etí túùbù, kí ẹ wo ìpẹ́pẹ́ iná tó ń ta: bí kábọ̀n bá ṣe pọ̀ nínú irin ni ìpẹ́pẹ́ rẹ̀ ń tú yẹ́ríyẹ́rí tó, bí kírómíọ̀mù bá sì pọ̀, okùn iná náà a kúrú, a sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ ọn lára lè fi èyí mọ T9 yàtọ̀ sí irin kábọ̀n, ṣùgbọ́n n kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi mọ T11 yàtọ̀ sí T22. Ẹ̀rọ XRF tí a ń dì lọ́wọ́ bí ìbọn ló ń dá wọn mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nípa kíka kírómíọ̀mù àti mòlíbídẹ́nọ̀mù, bí kò tilẹ̀ lè ka kábọ̀n. Bí túùbù tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ àlòkù tó ti ilé iṣẹ́ ńlá wá, ẹ má ṣe rà á fún ibi tí ooru ti ga. Irin tó ti nà nínú súpáhítà fún ogún ọdún ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán, ojú lásán kò sì lè rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Rírọ́ọ̀lù túùbù wọ inú pílétì

Ẹ fọ ihò pílétì títí yóò fi dán, ẹ fọ orí túùbù pẹ̀lú, kí ẹ má sì jẹ́ kí òróró kù láàárín méjèèjì. Ẹ̀kísípáńdà ni yóò fẹ túùbù títí yóò fi dì mọ́ ihò. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ kéré, yóò jo. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù, ara rẹ̀ yóò tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí pílétì, yóò sì là. Ìwọ̀n tí mo ń lò fún irin kábọ̀n ni pé kí ara túùbù dín kù ní nǹkan bí ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ìbú ìta jẹ́ 50.8, nínípọn 3.2, ìbú inú jẹ́ 44.4. Ihò pílétì jẹ́ 51.3, nítorí náà túùbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀ ní 0.5 kí ó tó kan ihò: 44.9. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún nínípọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn ti 6.4, jẹ́ nǹkan bíi 0.38. Nígbà tí ìbú inú bá dé nǹkan bíi 45.3, ẹ dúró. Ẹ kọ nọ́ḿbà yẹn sí ara pílétì pẹ̀lú ẹfun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọṣẹ́ tó ń yí ẹ̀kísípáńdà má baà máa fi agbára apá mọ ìgbà tó tó.

Ìlànà tí mo kùnà lọ́dọ̀ Alhaji nìyí: pílétì gbọ́dọ̀ le ju túùbù lọ tàbí kí ó kéré tán bá a dọ́gba. Túùbù A192 rọ̀, ó sì ń gba fífẹ̀. Túùbù T22 le jù ú lọ. Bí pílétì yín bá jẹ́ irin kábọ̀n rírọ̀, túùbù alápòpọ̀ yóò tì í, kò sì ní dì mú.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ nínú ooru tún wà. Túùbù irin kábọ̀n tó gùn ní mítà 3, tí ooru rẹ̀ gbéra láti 30°C dé 170°C, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 5. T22 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Sitéńlẹ́sì 304 yóò gùn sí i ní mílímítà 7. Ẹni tó bá fi túùbù sitéńlẹ́sì sínú bọ́ílà tí ara rẹ̀ jẹ́ irin kábọ̀n yóò máa ti pílétì rẹ̀ ní mílímítà 2 ní gbogbo ìgbà tó bá dáná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Jíjó irin alápòpọ̀ pọ̀

Kò sí ibi tí a ti ń ba irin tó dára jẹ́ tó ibi jíjó. Elẹ́kítíróòdù tí a fi ń jó gẹ́ẹ̀tì, irú E6013, kò gbọ́dọ̀ kan T22, nítorí ojú ìjó náà kò ní kírómíọ̀mù, òun ni yóò sì nà kí ó sì là nínú ooru nígbà tí túùbù fúnra rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Ti T11 ni E8018-B2, ti T22 ni E9018-B3. Ní àsìkò òjò, ẹ gbọ́dọ̀ yan elẹ́kítíróòdù wọ̀nyí nínú ààrò ní nǹkan bíi 300 sí 350°C kí ẹ tó lò ó, nítorí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ló ń di haidirójìn tó ń la irin ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Ẹ kọ́kọ́ gbóná túùbù T22 dé 150°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó jó o, ẹ sì fi aṣọ tí kì í jóná bò ó lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó lè tutù díẹ̀díẹ̀.

Ní ti T91, mo bẹ yín, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń darí ooru. Ẹ gbọ́dọ̀ gbóná rẹ̀ dé nǹkan bíi 200°C kí ẹ tó jó o, ẹ jẹ́ kí ó tutù wá sí ìsàlẹ̀ 100°C lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì tún gbé e lọ sókè dé nǹkan bíi 750°C, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀ fún àkókò tó yẹ. Bí a bá fo ìgbésẹ̀ kan, ojú ìjó náà yóò le bí àwo, yóò sì fọ́. Bí a bá sì fi iná gáàsì sọ ọ́ di pípọ́n láti tẹ̀ ẹ́, gbogbo agbára tí a torí rẹ̀ rà á ti lọ, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ tí yóò fi hàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Dídán an wò

Omi ni a fi ń dán bọ́ílà wò. Ẹ kún un títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán ní òkè, kí ẹ sì gbé ìfúnpá lọ díẹ̀díẹ̀ dé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìfúnpá tí a fọwọ́ sí fún un. Bọ́ílà bar 7, ó di 10.5. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dán an wò. Bí túùbù bá bẹ́ nígbà tí omi wà nínú rẹ̀, omi yóò tú, yóò sì tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, yóò bẹ́ bí bọ́m̀bù, yóò sì pa ẹni tó dúró tì í. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ohun tí ẹ fi dí fáàfù ààbò kí ó má baà ṣí nígbà ìdánwò yìí, kí ẹni tí òfin ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa fún ní àṣẹ láti yẹ bọ́ílà wò wá wò ó kí ẹ tó dáná sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Omi

Orí àpáta ni ìlú wa wà, omi bohóòlù tí a ń fà láti inú rẹ̀ a sì máa gbé ohun àpáta wá. Ẹni tó bá ti rí inú kẹ́tùlù ilé rẹ̀ ti mọ ohun tí mo ń sọ. Èépá tí ó nípọn ní mílímítà 1 péré ń dí ooru lọ́nà tó ju bí irin tó nípọn ní mílímítà 20 ṣe lè dí i lọ, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì di ìkòkò òfìfo tí mo sọ lókè. Ẹ bu omi tí ẹ ń lò sínú ìgò, ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ mì í. Bí ọṣẹ kò bá hó, omi náà kò gbọ́dọ̀ wọ bọ́ílà láì kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ tó ń sọ omi di rírọ̀ kọjá, kí ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ yẹn ń jẹ iyọ̀. Èyí tí kò bá rí iyọ̀ mọ́, irin lásán ni. Ẹ máa gbóná omi inú táǹkì tó ń lọ sí bọ́ílà dé 85°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ́síjìn lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pH omi inú bọ́ílà, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi jẹ́ ásíìdì tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, wà láàárín 10.5 àti 11.5, kí ẹ sì máa tú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Alhaji, túùbù A192 ni mo fi sí i, a tún ihò pílétì ṣe, a sì ra ẹ̀rọ omi. Láti ìgbà náà, fífọ bọ́ílà náà lọ́dọọdún nìkan ló ń gbé mi débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Kíka túùbù tó bàjẹ́

Túùbù tó bàjẹ́ ń sọ ohun tó pa á, bí ẹ kò bá yára jù ú sí àkìtàn. Nínú bọ́ílà tí omi wà nínú túùbù rẹ̀, bí ojú ibi tó bẹ́ bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ, ooru òjijì ni, ẹ lọ wo ohun tó ń wọn omi. Bí ojú rẹ̀ bá nípọn, tí ìlà wẹ́wẹ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí èèpo dúdú sì bò ó, ó ti ń gbóná ju agbára rẹ̀ lọ láti ọdún pípẹ́ wá. Bí omi bá mọ́, irú èyí ni irin alápòpọ̀ lè wò sàn. Ihò róbótó kéékèèké tí ìdérí pupa bò, ọ́síjìn ni, T22 kò sì ní ṣe ju irin kábọ̀n lọ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń fi black oil dáná, tí ìta túùbù tó wà níbi tí èéfín ti ń tutù bá tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, ásíìdì imí-ọjọ́ tó ń sẹ̀ lára irin tútù ló fà á. Ẹ gbé ooru omi tó ń wọlé ga sí i.

Ẹ gé ìwọ̀n ìka mẹ́rin lára ibi tó bàjẹ́ gan-an àti ìwọ̀n ìka mẹ́rin níbi tó ṣì dára lára túùbù kan náà, ẹ là wọ́n sí méjì ní òòró, kí ẹ sì fi kíkùn kọ ọjọ́, ipò túùbù náà nínú bọ́ílà àti nọ́ḿbà ìyọ́ rẹ̀ sí wọn lára. Ẹ so wọ́n kọ́ sára ògiri yàrá bọ́ílà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ wá tún un ṣe lẹ́yìn yín yóò ti rí wọn kí ó tó béèrè irin.